Pikọ́ọ̀pù tuntun: ti dísù ni kí ẹ rà, àbí ti bẹntiróòlù?

Àbúrò mi tó ń sin adìyẹ lẹ́yìn Ìsẹ́yìn pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó ti pé o. Tíà-rọ́bà ni mo máa rà lọ́tẹ̀ yìí, Tòkunbọ̀ ti sú mi. Èwo ni kí n mú nínú pikọ́ọ̀pù dísù àti ti bẹntiróòlù?" Mo bi í pé kìlómítà mélòó ló ń rìn lóṣù. Kò mọ̀. Àmọ́ iye tí ilé epo mẹ́ta ń ta lítà dísù lọ́jọ́ náà wà lórí ẹ̀ bí orúkọ ọmọ ẹ̀.

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ra ọkọ̀ nìyẹn. Iye tí wọ́n kọ sójú bọ́ọ̀dù ilé epo lónìí la fi ń yan ọkọ̀ tí a máa lò fún ọdún mẹ́wàá. Èmi wa Toyota Hilux bẹntiróòlù fún ọdún mẹ́fà kí n tó gba ti dísù tuntun, gbogbo ìgbà tí mo bá sì da epo sí èyíkéyìí nínú wọn ni mo máa ń kọ iye lítà àti iye kìlómítà sínú ìwé kékeré kan tó wà nínú ọkọ̀. Inú ìwé yẹn ni púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ti wá. Hilux ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ torí òun lọwọ́ mi mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo Ford Ranger, Nissan Navara, Mitsubishi L200 tàbí Isuzu D-Max lè fi ìṣirò kan náà ṣe tiẹ̀.

Ohun tó yí padà ní 2023

Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ra pikọ́ọ̀pù dísù ní Nàìjíríà kò fi owó ṣe ìṣirò rárá. Ìjọba ń san owó ìrànwọ́ lórí bẹntiróòlù, wọn kì í san kọ́bọ̀ lórí dísù. Bẹntiróòlù kò tó ₦200 lítà kan ní ilé epo NNPC, dísù sì ti lé ní ₦800. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè fi àìjẹun-púpọ̀ dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà onímọ́tò fi máa ń sọ pé dísù kò yẹ ọkọ̀ kékeré, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ nígbà náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un gan-an, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ ti dópin. Kí oṣù tó parí, ₦488 ni lítà bẹntiróòlù ní ilé epo NNPC l'Ékòó. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Dísù náà kọ́kọ́ gòkè, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ní 2024, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ nílẹ̀. Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kkí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísù ní oṣù kìíní 2024, nígbà tó sì di oṣù kẹrin, wọ́n ti gbé owó tí wọ́n ń tà á fún àwọn alágbàtà wá sí ₦1,200, kò sì pẹ́ tó fi di ₦1,000. Èyí tó ga ń bọ̀ nílẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀ ń gòkè, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé.

Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín lónìí pé "dísù ti wọ́n jù", ẹ bi í pé ọdún wo ló ń sọ. Ẹni tó bá sì sọ pé "dísù ló kù báyìí", ẹ bi òun náà pé kìlómítà mélòó ló ń rìn.

Ẹ́ńjìnnì méjèèjì

| | Bẹntiróòlù (ẹ́ńjìnnì lítà 2.7) | Dísù (ẹ́ńjìnnì lítà 2.4) |
|---|---|---|
| Agbára ìfà (Nm) | 245 | 400 |
| Ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan, níbi tí agbára náà ti pé | nǹkan bí 4,000 | 1,600 sí 2,000 |
| Táńkì epo | lítà 80 | lítà 80 |
| Ohun tó ń mu lọ́wọ́ mi ní kìlómítà 100, ẹrù díẹ̀ | lítà 13 | lítà 9 |
| Bí ẹrù bá pé tọ́ọ̀nù kan | lítà 16 | lítà 10.5 |

Ìlà kejì ni kí ẹ fi ojú sí jù, torí òun làwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í sọ. Ẹ gbé àpò oúnjẹ adìyẹ 40 sẹ́yìn, kílò 25 kọ̀ọ̀kan. Tọ́ọ̀nù kan géérégé nìyẹn, ibi tí pikọ́ọ̀pù mọ sì nìyẹn. Ẹ wá dojú kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹfọ̀n-Alààyè. Ti bẹntiróòlù á máa ké, ẹ ó sọ gíà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré dé ibi tí agbára ẹ̀ wà, bó sì ṣe ń ké yẹn ló ń mu epo. Ti dísù kò nílò àtiké. Ìsàlẹ̀ ni agbára tiẹ̀ wà, níbi tí ẹsẹ̀ yín ti wà tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń gùn lọ ni.

Ẹ̀dá ẹ́ńjìnnì náà ló fà á. Dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Ó máa ń fún atẹ́gùn pọ̀ títí á fi gbóná débi tí epo fi máa gbiná fúnra ẹ̀ bó bá ti kan án. Atẹ́gùn tó gba àyè 15 tàbí 16, á fún un wọ àyè kan. Ti bẹntiróòlù ń fún un ní nǹkan bí 10 péré. Lítà dísù kan tún ní agbára tó fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ ju lítà bẹntiróòlù kan lọ. Táńkì lítà 80 kan náà gbé mi rin nǹkan bí kìlómítà 600 nígbà tí mo wà lórí bẹntiróòlù. Ti dísù ń sún mọ́ 880.

Ẹ mú bírò

Ìṣirò tí mo ṣe fún àbúrò mi rèé. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín rọ́pò iye tèmi, torí iye epo kì í dúró sójú kan.

Ká sọ pé bẹntiróòlù jẹ́ ₦900, dísù jẹ́ ₦1,050. Kìlómítà 100 lórí bẹntiróòlù jẹ́ lítà 13, ₦11,700 nìyẹn. Lórí dísù, lítà 9, ₦9,450. Dísù fi ₦2,250 sílẹ̀ fún yín ní gbogbo kìlómítà 100. Ó dùn létí. Ẹni tó ń rin kìlómítà 2,500 lóṣù á rí ₦56,250 fi pamọ́.

Ṣùgbọ́n pikọ́ọ̀pù dísù tuntun wọ́n ju ti bẹntiróòlù lọ nílé ìtajà. Ká sọ pé mílíọ̀nù mẹ́fà náírà ló fi wọ́n jù. Ẹ fi ₦56,250 pín in. Oṣù 106 ó lé díẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ku díẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án kí epo tó san gbèsè ọkọ̀! Ẹni tó ń lọ sọ́jà Bódìjà tó ń bọ̀ wá sílé, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tó sì ń lọ sílé ìyá ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò ní rin tó kìlómítà 2,500 pàápàá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó ra dísù torí epo, ó ti san èrè epo ọdún mẹ́sàn-án sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ wá gbé ẹrù tọ́ọ̀nù kan sí i. Lítà 16 lọ́nà ₦900 jẹ́ ₦14,400. Lítà 10.5 lọ́nà ₦1,050 jẹ́ ₦11,025. Èrè kìlómítà 100 ti di ₦3,375. Ẹni tó ń ru irú ẹrù yẹn rin kìlómítà 4,800 lóṣù ń rí ₦162,000, mílíọ̀nù mẹ́fà yẹn á sì padà wálé láàárín ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èrè ló kù.

Bí ẹ kò bá fẹ́ràn ìṣirò gígùn, ọ̀nà kúkúrú kan wà: ẹ fi 9 pín 13, ẹ ó rí 1.44. Bí owó lítà dísù bá ti ju ìlọ́po 1.44 owó bẹntiróòlù lọ, ẹ má tíì kà á sí èrè. Bí bẹntiróòlù bá jẹ́ ₦900, ibi tí dísù ti máa pàdánù ni ₦1,296. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìlọ́po mẹ́rin ni dísù fi ju bẹntiróòlù lọ, ẹ ti rí i pé kò sí ohun tí à bá sọ nígbà náà.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì dísù tuntun ti ń kú

Bí mo bá ní ibi kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì, ibí yìí ni.

Ẹ́ńjìnnì dísù àtijọ́, èyí tó wà nínú bọ́lẹ́kájà àti àwọn tírélà tó ti gbó, ń jẹ ohunkóhun. Ẹ bu dísù tó dọ̀tí sí i, á wúkọ́ díẹ̀, á tú èéfín dúdú, á sì máa lọ. Àwọn mẹkáníìkì wa tó dàgbà sórí irú ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń sọ pé "dísù kì í mọ ìṣòro". Ti ìsinsìnyí kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ̀. Fọganáísà máa ń fún táyà wa ní atẹ́gùn 35. Nínú páìpù tó ń gbé dísù lọ sí injector, ẹ̀rọ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́sù, agbára tó ń ti epo ń kọjá 29,000 lórí ìwọ̀n kan náà. Ojú ihò nọ́sù yẹn kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i dáadáa. Ẹ ro ohun tí èérún iyanrìn kan tàbí ẹ̀kán omi kan lè ṣe níbẹ̀. Dísù fúnra ẹ̀ ló sì ń fi òróró sára pọ́ǹpù àti nọ́sù; bí omi bá gba ipò ẹ̀, irin á máa fi ara gbo irin.

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ó ń wọlé láti inú táńkì abẹ́ ilẹ̀ ilé epo, pàápàá lásìkò òjò, láti inú dúrọ́ọ̀mù tí wọn kò dé, àti láti inú táńkì ọkọ̀ tí a máa ń fi sílẹ̀ ní ìlàjì, tí ìrì sì ń sẹ̀ sínú ẹ̀ lóru. Ọ̀tá kejì ni dísù tí wọ́n sè nínú igbó ní ẹkùn Niger Delta, tí wọ́n ń gbé káàkiri ní olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Ìgò òfìfo kan tó mọ́ gaara wà lẹ́yìn àga mi. Bí mo bá dé ilé epo tí n kò tíì rà níbẹ̀ rí, mo máa ń ní kí wọ́n bu díẹ̀ sínú ìgò náà kó tó kan ọkọ̀. Mo gbé e sókè sójú oòrùn. Dísù tó dáa ní àwọ̀ oyin tó fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó rí ìka yín ní òdìkejì ìgò. Bó bá ṣú bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, omi wà nínú ẹ̀. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ dá a padà fún wọn, kí ẹ sì kí wọn pé ó dàbọ̀. Wọ́n ti bínú sí mi nítorí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo máa ń tọrọ àforíjì, mo sì máa ń lọ.

Ìgbà kan tí mo kánjú tí n kò ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni. N kò tíì rin ogún kìlómítà kúrò nílé epo náà tí iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan fi yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àwòrán fílítà tí omi ń kán sí lábẹ́. Mo páákì. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbé ike sábẹ́ fílítà dísù, mo tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù orí ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ dà jáde dà bí omi ògì. Ó tó ife tíì kan kí dísù gidi tó tẹ̀ lé e. Mo dè é padà, iná náà kú, mo sì rọra wakọ̀ délé. Ká ní mo ní "á máa lọ bẹ́ẹ̀", nọ́sù mẹ́rin ni ǹ bá rà, owó ẹ̀ kò sì jìnnà sí owó ọ̀kadà tuntun. Bí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dísù, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí nọ́ọ̀tì yẹn wà hàn yín, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín tú u lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí mo ti máa ń rà báyìí ni ilé epo tí tírélà ń tò sí. Ibi tí tírélà bá ń tò sí, dísù kì í pẹ́ nínú táńkì abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀.

Imí ọjọ́ tó wà nínú dísù náà ṣe pàtàkì. Ìlànà ECOWAS ọdún 2020 ní kó má ju ìdá 50 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ní oṣù keje 2024, ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn ńlá: ọ̀gá NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo, sọ pé ti Dangote wà láàárín 650 sí 1,200, Dangote ní kí àwọn aṣòfin wá wo bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìfọpo ẹ̀, ohun tí wọ́n rí nínú tiẹ̀ jẹ́ 87.6, èyí tí wọ́n rà nílé epo, tó wá láti òkè òkun, sì lé ní 1,800. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa tí a ń wakọ̀ ni pé a kò lè fi ojú rí imí ọjọ́, a kò sì lè fi ìgò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń di ásíìdì nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 5,000, n kì í dúró de 10,000.

Bí wọ́n bá da bẹntiróòlù sí ọkọ̀ dísù

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo wà lórí fóònù, ọmọ tó ń ta epo rí Hilux, ó rò pé bíi ti gbogbo ènìyàn ni, ó sì ki ẹnu páìpù bẹntiróòlù bọ̀ ọ́. Òórùn ẹ̀ ló jẹ́ kí n yíjú. Lítà méje ti wọlé.

N kò yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tó gba ẹ́ńjìnnì yẹn là nìyẹn. A ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹkáníìkì wá fa gbogbo epo inú táńkì jáde, a pààrọ̀ fílítà, a sì da dísù tuntun sí i. Bẹntiróòlù máa ń fọ òróró kúrò lára pọ́ǹpù dísù. Bí ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnnì, irin pọ́ǹpù yẹn á máa lọ ara wọn, èérún ẹ̀ á sì wọ gbogbo páìpù. Bí ẹ bá ti rí i pé ó ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á ti tàn, torí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù inú táńkì máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀.

Mo ti fi ọ̀dà funfun kọ DÍSÙ gàdàgbà sí ìdérí táńkì. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò tíì ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ìtọ́jú, àti ohun tí bẹntiróòlù fi dára jù

Sẹ́fíìsì dísù wọ́n jù. Lítà ọ́ìlì méje àtààbọ̀ ni ẹ́ńjìnnì 2.4 ń gbà, ti bẹntiróòlù 2.7 kò tó mẹ́fà. Fílítà dísù náà tún wà níbẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ dísù sí lára ni kí ẹ rà. Tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, náà wà níbẹ̀: bí ẹ bá sá eré gígùn dé tàbí tí ẹ fa ẹrù gun òkè, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa rọra sáré fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó pa á, kí ọ́ìlì lè gbé ooru kúrò lára tọ́bò. Ẹ sì má kó ẹrù kún un ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà àkọ́kọ́.

Bẹntiróòlù kò ní gbogbo ìyẹn. Mẹkáníìkì abẹ́ igi èyíkéyìí mọ̀ ọ́n. Bí omi díẹ̀ bá wọ inú epo ẹ̀, ọkọ̀ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ ó fọ táńkì, kò sì ní gba ilẹ̀ bàbá yín. Ìrìn kúkúrú inú ìlú kò pa á lára. Ohun kan tún wà tí kò sí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn: ètò CNG (gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà fún ọkọ̀) tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Ọkọ̀ bẹntiróòlù ni wọ́n ń yí sí gáàsì yẹn káàkiri. Ti dísù tuntun kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó lẹ ń gbé, tí ẹ lè rí ibi tí wọ́n ń ta CNG nítòsí, ẹ rò ó wò dáadáa, kí ẹ sì rántí pé sílíńdà gáàsì á gba àyè lẹ́yìn pikọ́ọ̀pù. Ní Òkè-Ògùn, ẹ kò lè fi ọkàn sí i.

Dísù ní èrè tirẹ̀ tí bírò kò lè kọ. Nígbà tí bẹntiróòlù bá wọ́n gógó, tí ìlà ọkọ̀ sì gùn láti ilé epo dé ìkóríta, ẹni tó ń ra dísù á wakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á rà, á sì lọ. Ní 2023 àti 2024, mo fi èyí gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ mi padà. Dísù tún rọrùn láti tọ́jú sóko. Bẹntiróòlù ń tú afẹ́fẹ́ tó ń gbiná kódà nígbà tí òtútù bá mú. Dísù kò ní tú irú ẹ̀ àfi tó bá gbóná kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 55 ti Celsius. Èmi kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sínú ilé tí àwọn ọmọ ń sùn. Ẹ̀bi dísù kan ṣoṣo nípa èyí ni pé gbogbo ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá ló ń wá a. Awakọ̀ tí kì í ṣe olóòótọ́ lè fa lítà mẹ́wàá lọ́wọ́ yín lóru, kó sì rí ẹni rà á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwé kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló máa tú u fó: bí ọkọ̀ tó ń mu lítà 9 bá ṣàdédé ń mu 11, tí ẹrù kò sì pọ̀ sí i, ẹ pe awakọ̀ jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé

Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa ka èyí ní Houston tàbí Maryland, tí wọ́n fẹ́ ra Ford F-250 dísù fi ránṣẹ́ sí bàbá wọn. Ọkàn rere ni. Àmọ́ ọkọ̀ dísù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ní asẹ́ èéfín kan nínú sàlẹ́ńsà tí wọ́n ń pè ní DPF, ó sì ń lo omi yúríà tí wọ́n ń pè ní AdBlue tàbí DEF. Dísù tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ lójú títì níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ní imí ọjọ́ tó ju ìdá 15 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ wá fi 15 yẹn wé 1,800. Asẹ́ náà máa ń sun ẹ̀gbin inú ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré gbọọrọ lójú títì fún àkókò díẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn, kò ní rí àyè ṣe é, á dí, ẹ́ńjìnnì á sì dín agbára ara ẹ̀ kù. Bàbá yín á wá máa wá AdBlue káàkiri. Èyí tí wọ́n ṣe fún Áfíríkà, tí wọ́n tà fún yín nílé, ni kí ẹ rà fún wọn. Kódà nílé pàápàá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá DPF wà lára ẹ̀, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ìṣòro yìí, torí ìjọba Nàìjíríà kò gba ọkọ̀ tí ìdarí ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọlé.

2.4 tàbí 2.8?

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ti 2.8 tó ní gíà òtómátíìkì dé 500 Nm, ó sì dùn ún wà. Bí ẹ kò bá fa tírélà kékeré lẹ́yìn ọkọ̀ lójoojúmọ́, 2.4 tó yín. Owó tó kù, ẹ fi ra fílítà dísù méjì sílẹ̀, torí ọjọ́ tí ẹ máa nílò ẹ̀, ojúlówó lè má sí nílùú tí ẹ bá wà.

Mo ní kí àbúrò mi lọ ra ìwé kékeré, kó sì kọ gbogbo ìrìn oṣù kan sílẹ̀ kó tó san owó fún ẹnikẹ́ni. Ó bínú díẹ̀, ó ní owó lè gbé sókè láàárín oṣù kan. Ó ṣe é ṣá. Nígbà tó pé, kìlómítà 4,800 ló rìn: Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà lórí ọ̀nà kìlómítà 65 yẹn, Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, Ìsẹ́yìn sí Òkèhò, ẹyin lọ, oúnjẹ adìyẹ bọ̀, ẹrù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà gbogbo. Dísù 2.4 ló rà. Ká ní 1,900 ló kọ síbẹ̀ ni, bẹntiróòlù ni ǹ bá ní kó mú, ǹ bá sì bá a jà bó bá kọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó gbé e délé, a jọ gbé dúrọ́ọ̀mù lítà 200 sórí pẹpẹ irin lábẹ́ ìbòòji lóko ẹ̀. Wẹ́dà lu ihò ẹ̀rọ omi sára ẹ̀, kì í ṣe nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi ìbú ọwọ́ kan jìnnà sí ìsàlẹ̀ kí omi àti ìdọ̀tí lè máa dúró sábẹ́. Bí wọ́n bá da dísù sí i, odindi ọjọ́ kan ló gbọ́dọ̀ fi sinmi kí wọ́n tó bù ú sọ́kọ̀. Ó ti fi ṣóòkì kọ ọjọ́ tí wọ́n dà á sí i sára dúrọ́ọ̀mù náà.